Bí Bàbá Kubwa Ṣe Ń Fún Ìjọba Ní Máàkì

Gbogbo ẹni tó wá kí wa lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá Kubwa ló ń sọ pé ẹni jẹ́jẹ́ ni. Mo kàn ń gbọ́ ni. Ó ti rẹ̀ mí débi pé n kò lè bá ẹnikẹ́ni jiyàn, omi inú ike ni mò ń pín, mo ń sọ pé, "A dúpẹ́ o, a ò ní fi irú ẹ̀ san án fún yín." Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bàbá mi àgbà dáadáa mọ̀ pé kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́. Ó le. Ó máa ń fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo àṣìṣe inú ìwé ètò ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, yóò sì mú un lọ fún ẹni tó tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ìsìn bá parí. Àṣìṣe mẹ́ta ló wà nínú ìwé ètò ìsìnkú tirẹ̀ gan-an. Mo wá bírò pupa nínú báàgì mi, n kò rí.

N kò fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Ìyẹn ti wà nínú ìwé ìsìnkú náà: ọjọ́ tí wọ́n bí i ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwé tó lọ, bó ṣe bá ilé iṣẹ́ ìjọba kó wá sí Àbújá, tó wá kọ́lé sí Kubwa, iye ọmọ àti ọmọ ọmọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bó ṣe ń wo nǹkan, nítorí òun ló kọ́ mi ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe lónìí láìmọ̀, òun náà ló sì lo ọjọ́ ogbó rẹ̀ láti fi iṣẹ́ náà ṣẹ̀sín. Mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo ṣe sí i ní ọjọ́ Àìkú kan. Láti ọjọ́ náà títí ó fi kú, n kò mọ̀ bóyá ó ti dárí jì mí.

Ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ni Bàbá wà ní gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ìjọba. Fọ́ọ̀mù ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní APER. Lọ́dọọdún, òṣìṣẹ́ á kọ ohun tó ṣe láàárín ọdún sínú rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ á wá fún un ní máàkì láti orí A títí dé F: bó ṣe ń tètè dé, bó ṣe ń gba ìbáwí, bóyá ó lè fa iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dá fọ́ọ̀mù náà padà fún òṣìṣẹ́ yẹn kí ó kà á, kí ó sì fọwọ́ sí i pé òun ti rí ohun tí wọ́n kọ nípa òun. Ìfọwọ́sí yìí ni Bàbá fẹ́ràn jù. Ó ní ibẹ̀ ni fọ́ọ̀mù náà ti yàtọ̀ sí òfófó.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó páálí kan wálé tó kún fún fọ́ọ̀mù tí wọn kò tíì kọ nǹkan sí. Màmá, ìyàwó rẹ̀, máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ohun kan ṣoṣo tí ọkọ òun kó ní ilé iṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Ní ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìjọba àwa-ara-wa, Bàbá á jókòó sídìí tábìlì ìjẹun pẹ̀lú bírò méjì, búlúù àti pupa. Níbi tí wọ́n ní kí wọ́n kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sí, á kọ "Ìjọba Àwa-ara-wa, Nàìjíríà." Á wá máa bọ̀ láti orí ìlà dé orí ìlà. Ìtètèdé: ṣé àwọn elétò ìdìbò dé lásìkò? Ìgbọràn sí àṣẹ: nígbà tí kóòtù pàṣẹ, ṣé wọ́n tẹ̀ lé e? Gbígba ìbáwí: ṣé akọ̀ròyìn tó sọ̀rọ̀ sùn sílé rẹ̀? Fífa iṣẹ́ léni lọ́wọ́: ṣé ẹni tí ìbò lé kúrò lọ wọ́ọ́rọ́wọ́? Kò fún ìjọba ní A rí. F gan-an kò wọ́pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún kan, mo bi í pé kí ló dé tí àwọn fọ́ọ̀mù yìí kàn ń pọ̀ sí i nínú fáìlì, tí kò fi wọ́n ránṣẹ́ síbì kankan.

"Mi ò lè pa fáìlì yẹn dé, Àṣàkẹ́," ló wí. "Ẹni tí mo kọ nǹkan nípa rẹ̀ kò tíì wá fọwọ́ sí i."

Ní ọjọ́ ìdìbò, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ló máa ń dé ibùdó ìdìbò wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àga tó ṣeé ká, agbòòjò àti ìwé kékeré kan. Lọ́dún kan, oòrùn ti mú ganrínganrín kí ọkọ̀ àwọn elétò ìdìbò tó yọ. Agùnbánirọ̀ kan ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ètè rẹ̀ ti gbẹ. Bàbá wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

"Daddy, abeg, wetin you dey write?" ni ọmọ náà bi í.

"The time wey una reach here," ni Bàbá dá a lóhùn. Bí ẹni ń ka Bíbélì sókè ló ṣe máa ń sọ Pidgin.

Ojú ọmọ náà fà ro. Ó ní láti àná ni wọ́n ti kó àwọn sí inú kíláàsì kan, pé orí ilẹ̀ lásán làwọn sùn, ọkọ̀ tí wọ́n ṣèlérí kò sì tètè wá. Bàbá kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, mo rí i tó ti gbé àga rẹ̀ fún ọmọ náà, tó dúró tì í pẹ̀lú agbòòjò títí wọ́n fi ka ìbò tán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú lọ́jọ́ náà. Bí a ti ń lọ sílé, mo bi í pé ṣebí òun náà ló fún ọmọ yẹn ní D lórí ìtètèdé.

"Mi ò fún un ní nǹkan kan," ni Bàbá wí. "Ẹni tó rán an níṣẹ́ ni mo fún ní D."

Òun fúnra rẹ̀ kì í pẹ́ dé ibì kankan. Àìsàn ni lára rẹ̀. Nígbà tí mo wà nílé ìwé ní Kàdúná, ọkọ̀ ojú irin ni mo máa ń wọ̀ wálé, Bàbá ló sì máa ń wá pàdé mi ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Idu. Ọkọ̀ kò ní tíì dé tí òun á ti wà níbẹ̀, tí yóò ti mọ orúkọ gbogbo ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo dé tí n kò bá a. Mo jókòó lórí àpótí mi fún nǹkan bíi wákàtí kan, inú ń bí mi, ẹkún sì fẹ́ẹ́ gbọ̀n mí. Àṣé ìjà lórí ẹ̀rọ omi àdúgbò ló ń parí, nítorí òun ni alága ẹgbẹ́ onílé ní òpópónà wa. Nígbà tó dé, kò bẹ̀ mí. Ó gbé àpótí mi, ó ní, "Mi ò pẹ́. Ọkọ̀ ojú irin ló tètè dé." Ọ̀rọ̀ yìí di ẹ̀fẹ̀ nínú ilé wa. Ẹni tó bá jẹ́ kí ìrẹsì jóná á ní ìrẹsì ló tètè jinná.

Nígbà tí mo jáde ilé ìwé, mo rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan nínú ìlú. Iṣẹ́ wa ni láti fi oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọn ìjọba àwa-ara-wa wéra. Mo sáré wá sọ fún Bàbá. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn pé ọmọ ọmọ òun ti jogún fọ́ọ̀mù òun. Mo ṣàlàyé pé àwọn kan máa ń kó ìbéèrè fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kí wọ́n fún orílẹ̀-èdè ní máàkì. Àwọn kan máa ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti bi àwọn ará ìlú léèrè. Àwọn mìíràn kì í bi ẹnikẹ́ni, wọ́n á kàn ka iye ẹni tó dìbò àti iye ìgbà tí ìjọba ti bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan sọ́wọ́ òmíràn. Orílẹ̀-èdè kan náà, ọdún kan náà, síbẹ̀ ọ̀kan á ní a gbìyànjú, èkejì á ní a fìdí rẹmi, ẹ̀kẹta á ní a fẹ́ràn irú ìjọba yìí ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣe é kò tẹ́ wa lọ́rùn. Àwa la ó sọ ìdí tí wọn kò fi bára mu.

Bàbá gbọ́ mi jálẹ̀. "Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ́ ẹ ń bi yẹn," ló wí, "ṣé wọ́n máa ń tò sórí ìlà láti dìbò?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Ẹni tí kò tò rí, tó wá jókòó sábẹ́ AC tó ń fún ìlà ní máàkì."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo mú ìwé ìbéèrè ti ojúlé dé ojúlé wá sílé láti fi òun àti Màmá kọ́ iṣẹ́. Mo jókòó dáadáa, mo kà á bí wọ́n ṣe kọ́ wa: "Bàbá, ṣé ẹ lè sọ ohun tó wà lọ́kàn yín nípa ìjọba láìbẹ̀rù?" Ó wò mí láti òkè gíláàsì rẹ̀. "Tí mo bá ń bẹ̀rù," ló wí, "ṣé ìwọ ni màá sọ fún?" Mo ti gbé ìbéèrè yẹn kiri Kubwa láti ìgbà náà, mo ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà àwọn ilé iṣẹ́ ní Idu nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń jáde. Ìgbàkígbà tí ẹnìkan bá yára dáhùn pé, "Ah, my sister, no fear, I fit talk anything," tó sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, ohùn Bàbá ni mo máa ń gbọ́. Mo máa ń fa ìlà sí "Bẹ́ẹ̀ ni" bí wọ́n ṣe ní ká ṣe. Ó máa ń sú mi.

Ti àwọn tó ń ka iye ló gbà díẹ̀, nítorí ó fẹ́ràn iye. Ṣùgbọ́n ó ní ìkà lásán kò mọ ẹni tó dìbò tọkàntọkàn yàtọ̀ sí ẹni tí ojú ń tì láti má dìbò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Alhaji Gàníyù, ọmọ Ìlọrin tí òun náà kọ́lé sí òpópónà wa, tó ń ta táyà ní ọjà Kubwa, kò fara mọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú wa. "Kai, Bàbá Alága, ẹ ju fọ́ọ̀mù yẹn nù," á wí. "Tí iná bá wà, tí mo tajà, tí mo padà délé láìsí pé wọ́n gbé mi lọ lójú ọ̀nà, dẹmokirésì ti dáa nìyẹn."

"Sójà náà lè ṣe gbogbo ìyẹn fún ọ," ni Bàbá á dáhùn.

"Tó bá ṣe é, màá ní yauwa, ó dáa."

"Tó bá wá di ọjọ́ tí kò ṣe é mọ́, ta lo máa lọ bá?"

Alhaji á yíjú sí kíṣìnnì. Omi tútù ni yóò béèrè lọ́wọ́ Màmá. Bí wọ́n ṣe ń jà á láti ọdún dé ọdún nìyẹn. Màmá nìkan ni kò ka ọ̀rọ̀ Bàbá sí bàbàrà. "Nínú ilé yìí ńkọ́?" á bi í láti inú kíṣìnnì. "Ta ló dìbò fún ìwọ?" Bàbá á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi jẹ́ alága ẹgbẹ́ onílé. Ó ṣe é dáadáa, n kò lè purọ́. Ẹ̀rọ omi ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń ti géètì, ìjà kì í pẹ́ kí ó tó parí. Inú gáréèjì ilé wa ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé. Ní oṣù Kejìlá, Alhaji á dìde, á ní, "Ṣé kí Bàbá wa máa bá a lọ?" gbogbo wọn á pàtẹ́wọ́. Ó parí. Ìyá Chidi, tíṣà tó ń gbé ní ìpẹ̀kun òpópónà, ti sọ lẹ́ẹ̀mejì pé òun náà á fẹ́ sìn. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni wọ́n rọra sọ fún un pé, "Madam, make Baba finish first." Ta ló fẹ́ nawọ́ sókè lòdì sí arúgbó olórí funfun nínú gáréèjì rẹ̀, lórí àga pálọ̀ rẹ̀, tí ohun mímu tí ìyàwó rẹ̀ gbé wá ṣì wà lọ́wọ́ onítọ̀hún? Bàbá tó ń kọ ìṣẹ́jú tí ọmọ agùnbánirọ̀ fi pẹ́ sílẹ̀ kò rí i. Lójú tirẹ̀, ìbò ni àtẹ́wọ́. Nínú ìwé ìpàdé, ohun tó máa ń kọ ni pé, "Wọ́n tún un yàn láìsí alátakò."

Ọjọ́ Àìkú tí mo ń sọ yẹn, láti Galadimawa tí mo ń gbé ni mo ti wá jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn. Mo mú ìwé àbọ̀ ìwádìí ọ́fíìsì wa wá fún Bàbá, àkọ́kọ́ tí orúkọ mi wà nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe é. Bírò pupa ló kọ́kọ́ mú. Kí a tó jẹun tán, kò sí ojú ewé kan tó mọ́ mọ́. Ó wá ka gbólóhùn mi kan sókè fún Alhaji, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo kó abọ́, mo fọ̀ wọ́n. Mo nu ọwọ́ mi, mo lọ sídìí páálí yẹn, mo yọ fọ́ọ̀mù kan, mo jókòó kọjú sí Bàbá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Orúkọ òṣìṣẹ́: mo kọ orúkọ rẹ̀. Ipò: Alága ẹgbẹ́ onílé. Iṣẹ́ ṣíṣe, A. Òótọ́ inú, A. Ìtètèdé, mo rántí Idu, mo fún un ní B. Gbígba ìbáwí, D. Ọ̀nà tó gbà dé ipò: mo kọ "Àtẹ́wọ́." Fífa iṣẹ́ léni lọ́wọ́, F. Níbi ìmọ̀ràn, mo kọ pé, "Ìyá Chidi ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì." Mo kọ déètì, mo fọwọ́ sí i, mo gbé e lé orí ìwé àbọ̀ ìwádìí tó fi bírò pupa bà jẹ́.

Ó rọra kà á. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀. "Ta ló ní kí o kọ èyí?"

"Ẹ̀yin náà ni, Bàbá," ni mo wí. "Ẹ ní ẹni tí a bá kọ nǹkan nípa rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí i."

Alhaji gbójú sókè, ó ń wo fáànù. Bàbá dìde, ó mú fọ́ọ̀mù náà dání, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó tó àkókò fún mi láti lọ, mo kúnlẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn yẹn, mo ní, "Bàbá, mo ń lọ o." Màmá sìn mí dé ojú títì.

"O ò parọ́," ni Màmá wí. "Ṣùgbọ́n ojú Alhaji lo ti sọ ọ́."

Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì láti Kubwa títí tí a fi wọ ìgboro. Ẹni tó jókòó tì mí rò pé ẹnìkan kú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Bàbá kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Tí mo bá pè é, á gbé fóònù fún Màmá. Tí mo bá wá, tí mo kúnlẹ̀, "Hùn" ni mo máa ń gbọ́. N kò mọ bí mo ṣe lè bẹ̀ ẹ́, nítorí n kò mọ ohun tí mo fẹ́ gbà pé mo ṣì.

Ìpàdé oṣù Kejìlá pé. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo ń gbé àga. Alhaji dìde bó ṣe máa ń dìde.

"Ẹ má pàtẹ́wọ́," ni Bàbá wí.

Ó wọlé, ó gbé páálí indomi kan jáde tó ti lu ihò sí lórí. Ó ti fi sísọ́ọ̀sì gé bébà sí wẹ́wẹ́. Ó ní kí wọ́n gbé tábìlì kékeré lọ sẹ́yìn táńkì omi, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí ohun tí ẹnìkejì kọ. Ó ní òun ń díje, pé Ìyá Chidi náà ń díje tó bá ṣì wù ú. Obìnrin náà dìde.

"Baba, I no wan quarrel with you o."

"No be quarrel," ni Bàbá wí. "Na line. Make everybody join line."

Wọ́n tò. Bàbá ló wà lẹ́yìn pátápátá, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Alhaji ló ń tú bébà náà níkọ̀ọ̀kan, ó ń ka orúkọ jáde, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ bó ṣe ń kà á. Ẹni mẹ́rin péré ló kọ orúkọ Bàbá. Ó sì ṣeé ṣe kí òun fúnra rẹ̀ wà lára wọn, àti Alhaji. Bàbá gba bébà náà, ó dìde, òun fúnra rẹ̀ ló kéde èsì. Ó bọ Ìyá Chidi lọ́wọ́. Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ó dúró, ó wo ojú Bàbá. Bàbá náà bá a pàtẹ́wọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, aago méje, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Chidi pẹ̀lú ìwé tó fi ń fa iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, ojú ewé mẹ́sàn-án. Ó kọ bí ẹ̀rọ omi ṣe máa ń gbóná àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n jẹ́ kí ó sinmi. Ó kọ pé oyún ìyàwó Ìsá, ẹ̀ṣọ́ géètì wa, ti pé oṣù, kí wọ́n má fi Ìsá síṣẹ́ òru. Ó kọ ẹni méjì tí wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó jẹ́ kí Ìyá Chidi fọwọ́ sí i pé òun gbà á.

Ọjọ́ náà ló bá mi sọ̀rọ̀. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Láti ìgbà náà, a jọ ń sọ ti oúnjẹ, ti bọ́ọ̀sì, ti ojú rẹ̀ tó ń dùn ún. Kò mẹ́nu kan fọ́ọ̀mù yẹn rí, èmi náà kò sì jẹ́ dán an wò. Ṣùgbọ́n nǹkan ti lọ lára rẹ̀. Á jókòó sídìí fèrèsé, á máa wo géètì tí ẹlòmíràn ń bójú tó. Lọ́jọ́ kan tí mo ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ láì yí ojú padà.

"Àṣàkẹ́, o rò pé láti ọdún wo ni wọ́n ti fẹ́ kí n máa lọ?"

Irú ìbéèrè tí mò ń bi àwọn ará ìlú kiri nìyẹn, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n bi lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí ọjọ́ ìsinmi ìjọba àwa-ara-wa tún pé, kò jókòó sídìí tábìlì. Ó ní ojú ń dun òun. Bírò méjèèjì wà níbẹ̀, Màmá ti tò wọ́n sílẹ̀ fún un. Òjò ọdún náà kò tíì dá tó fi kú, ní ọ̀sán, lórí àga ìdí fèrèsé yẹn. Mo ń ronú pé fọ́ọ̀mù tí mo kọ ló gba okun lára rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn nígbà tí mò ń pín omi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìsìnkú, Màmá ní kí n wá bá òun kó àwọn fáìlì yàrá rẹ̀ jọ. Ti ìjọba ló wà lókè, ó nípọn, kò sí ìfọwọ́sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àyàfi tirẹ̀. Fáìlì tuntun kan wà lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ Bàbá fúnra rẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Bébà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, mo sì mọ ọwọ́ ìkọ̀wé mi kí n tó yọ ọ́ jáde.

Nísàlẹ̀, níbi tí òṣìṣẹ́ ti máa ń fọwọ́ sí i, Bàbá kọ pé, "Mo ti ka ìròyìn yìí. Mo gbà pé òótọ́ ni." Ó fọwọ́ sí i, ó kọ déètì. Mo wo déètì náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ Àìkú yẹn gan-an ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú ló ti fọwọ́ sí i, bóyá nígbà tí mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn gan-an. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó fi ń ṣe "Hùn" sí mi, ìtìjú lásán ni.

Kò fọwọ́ kan F. Kò fọwọ́ kan D. Ibì kan ṣoṣo ni bírò pupa dé. Níbi ìtètèdé, ó fa ìlà sórí B tí mo fún un, ó kọ A sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wá fi lẹ́tà wínníwínní kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀: "Ọkọ̀ ojú irin ló tètè dé."

Orí páálí fọ́ọ̀mù ni mo jókòó lé tí mo ti bú sẹ́rìn-ín. Màmá sáré wá sẹ́nu ọ̀nà, ó rò pé ẹkún ni. Mo na bébà náà sí i. Ó kà á sókè, ó tún un kà, ó wá jókòó tì mí, ó fi etí aṣọ nu ojú.

Òfin wà fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ wọn: tí wọ́n bá yí máàkì padà, ẹni tó kọ́kọ́ fúnni ní máàkì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé òun gbà. Mo wá bírò pupa, mo rí i nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀ tó so kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ A náà, mo sì pa fáìlì náà dé.